Ọkọ Ìyàwó Tí Ohùn Rẹ̀ Sá Lọ

Ìgbà mẹ́ta ni Lèmọ́mù bi Bàsìt léèrè níwájú ìjọ pé ṣé ó gbà láti fẹ́ Hàbíbà, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Bàsìt la ẹnu bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú ọ̀sà, tí afẹ́fẹ́ lásán ń jáde. Kì í ṣe pé kò gbà o! Ó gbà láti àtàrí dé èékánná ẹsẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà débi pé bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀ nígbà tó ń jẹ àtíkẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ Abidjan, àtíkẹ́ á di oyin lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n mọ́ṣáláṣí kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ náà, igba èèyàn tẹjú mọ́ ọn, ojú wọ̀nyẹn sì wúwo lára rẹ̀ ju ẹgbẹ̀rún àpò sìmẹ́ńtì lọ. Òógùn bò ó. Ó ṣàn títí, ó dé orí ẹní, àwọn méjì tó jókòó tì í sì ká ṣòkòtò sókè bí ẹni tó fẹ́ sọdá odò.

Ọkùnrin tí à ń wí yìí kì í ṣe ọmọdé. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Abidjan, tí òun àti Àdìzátù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ ń ta bàtà rọ́bà ní ọjà Adjamé Roxy. Ó lè gbé àpò bàtà mẹ́ta lé orí kó máa fò lórí gọ́tà. Ojú èèyàn nìkan ni kò lè gbé. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ló máa ń wà, tó ń di ẹrù. Àdìzátù ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Bó bá wọ gbaka, bọ́ọ̀sì kékeré wọn, kò lè pariwo sí apranti tó ń gba owó ọkọ̀ pé òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, nítorí gbogbo ọkọ̀ á yíjú wo òun. Báyìí ni ọkọ̀ ṣe ń gbé e kọjá ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹrìnlá ló ti dé Anyama láìní ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ ṣe níbẹ̀. Àwọn tó ń ta obì ní Anyama ti rò pé olówó ńlá kan ni, tó ń wá ṣọ́ ọjà.

Ẹnìkan nínú mọ́ṣáláṣí ní, "Ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ àgbà bá a dáhùn. Aṣojú tó."

"Aṣojú kẹ̀!" Alhaji Àrìmíyàù ló fò dìde, bàbá Hàbíbà, olórí àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tajà ní Roxy. Kúbùsù ló ń tà, ní ìlú tí oòrùn ti ń yan ẹyin lórí páànù, ó sì ń tà á tán, ẹ fi ìyẹn mọ irú ẹnu tí Ọlọ́run fún un. "Lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá ń gbóná, tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, aṣojú ni yóò bá a pe dókítà? Mi ò lè fọmọ mi fún ògiri tó dé fìlà. Ogójì ọjọ́ ni mo fún un. Bó bá rí ohùn rẹ̀, kó gbé e wá. Bí kò bá rí i, Hàbíbà ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dáhùn bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀."

Yìgì tú ká. Ìrẹsì di ti àwọn aládùúgbò.

Lọ́jọ́ kejì Hàbíbà pè é lórí fóònù. Ọmọ yìí lè bá fóònù tí batiri rẹ̀ ti kú sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. "Bàsìt, ṣé o ń gbọ́ mi? Má dáhùn, mo mọ̀ pé ò ń gbọ́. Ìwọ ni mo fẹ́. Bí mo bá dé Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á fi mí fún ọkùnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ bí rédíò, èmi náà ń sọ̀rọ̀ bí rédíò, ta ni yóò wá máa gbọ́? Wá nǹkan ṣe, môgô mi, ọkùnrin mi!"

Àdìzátù ló wá nǹkan ṣe. Ó ká aṣọ mọ́dìí. "Àìsàn ni ẹ̀rù tó ń bà ọ́ yìí, ó sì ní àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wò ó, mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ṣùgbọ́n a kì í rajà ní ìsọ̀ tá a kọ́kọ́ dé. Mẹ́ta la ó yà. A ó wò ó, a ó fọwọ́ pa á, a ó ná an, ká tó mú ọ̀kan."

Ìsọ̀ àkọ́kọ́, Anyama ni. Tonton Pascal ló wà níbẹ̀, arúgbó oníwà tútù tó ti ṣe tíṣà rí, tí bàbá rẹ̀ ti Benin wá ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé. Tirẹ̀ ni pé kí èèyàn sùn sílẹ̀ lórí àga gígùn, kó máa ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ títí wọn ó fi rí ibi tí ẹ̀rù ti wọlé. "Ta ló kọ́kọ́ fojú burúkú wò ọ́ láyé?" ni Tonton Pascal bi í.

Bàsìt dákẹ́. Tonton dákẹ́. Aláǹgbá kan tó wà lára ògiri náà dákẹ́. Nígbà tó tó ogójì ìṣẹ́jú, ara Tonton ò gbà á mọ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn bàbá tirẹ̀, bó ṣe ń na òun nítorí dictée, àpèkọ ilé ìwé, omi sì lé ròrò lójú rẹ̀. Bàsìt ló yọ áńkáṣíìfù fún un. Bí wọ́n ṣe ń jáde, arúgbó náà sòótọ́ fún wọn: "Ohun tí mò ń ṣe yìí máa ń bá àwọn kan lára mu gan-an, ṣùgbọ́n kì í yá. Ó lè gba ọdún kan, ó lè gba deux ans."

"Deux ans! Ọdún méjì!" ni Àdìzátù ké. "Ọjọ́ mẹ́rìndínlógójì ló kù fún wa, Tonton!"

Ìsọ̀ kejì, Treichville. Níbẹ̀, àwọn tí ẹ̀rù ojú èèyàn ń bà ló ń kóra jọ láti wo ara wọn sàn. Àwọn mẹ́jọ jókòó yípo, oníkálùkù tẹjú mọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Obìnrin tó ń darí wọn kí wọn. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní kí wọ́n dárúkọ ara wọn. Ọ̀kan wúkọ́, gbogbo wọn bá tún wo ilẹ̀, bí ẹni pé ikọ́ náà jẹ́ ọ̀rọ̀ líle jù. Obìnrin náà ní kí wọ́n má mikàn, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin wọn á máa jà du ọ̀rọ̀. Wákàtí kan kọjá. Bàsìt jáde pẹ̀lú ẹ̀rín dé etí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ibí yìí ni mo mú. Mi ò gbádùn ibì kankan báyìí rí."

"O gbádùn ẹ̀ torí pé o ò sọ̀rọ̀! Kọjá síwájú mi."

Ìsọ̀ kẹta wà ní Biétry, lẹ́bàá ọ̀sà, níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù bíi pé wọ́n rà á. Madame Micheline ló ń jẹ́, ọ̀dọ́bìnrin tí awò ojú rẹ̀ fẹ̀ bí fèrèsé. Ìdílé rẹ̀ ti Porto-Novo wá. Ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ, Faransé ló fi ń dí ihò tó bá wà níbẹ̀.

Àdìzátù ò jókòó. "Dókítà, a ti dé Anyama, a ti dé Treichville. Kí ni tìrẹ fi dára ju tiwọn lọ?"

"Maman, gbogbo wọn ló ń ran èèyàn lọ́wọ́," ni Micheline dáhùn. "Mais àwọn tó ń ṣèwádìí ti fi wọ́n wéra. Pour l'anxiété sociale, ẹ̀rù ojú èèyàn yìí, èyí tí èmi àti ẹnì kan ṣoṣo máa ń jọ ṣe, ká mú ohun tó ń dẹ́rù bà á, ká lọ wò ó bóyá òótọ́ ni, òun ló ń ran èèyàn tó pọ̀ jù lọ́wọ́. Kì í ṣe gbogbo èèyàn o. Semaine mẹ́rìnlá ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá."

"Mẹ́rìnlá! Barika, ọmọ mi, bù ú kù. Mú un wá sí mẹ́rin."

"Maman, on n'est pas au marché! A ò sí lọ́jà!"

"Ibo la wá wà?"

Wọ́n ná an. Micheline ò ná nǹkan rí látọjọ́ tó ti dáyé. Ilé ìtajà tí wọ́n ti ń lẹ iye mọ́ ọjà lára ni wọ́n ti máa ń rajà nílé wọn. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi gbà láti máa rí Bàsìt lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, ó tún ń dúpẹ́.

Ó wá kọjú sí Bàsìt. "Bí o bá bá àjèjì sọ̀rọ̀ ní gbangba, kí lo rò pé yóò ṣẹlẹ̀?"

Bàsìt sọ ọ́ fún bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. "Wọ́n á pariwo lé mi lórí. Wọ́n á kó jọ. Wọ́n á fà mí lápá."

"De zéro à cent, láti òfo dé ọgọ́rùn-ún, báwo ló ṣe dá ọ lójú tó?"

"Cent vingt. Ọgọ́fà."

Micheline kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí ẹ̀rù bá dé, ara rẹ lo máa ń wò: òógùn rẹ, ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n. Wo ìta. Wo ẹni tó wà níwájú rẹ. Má sì sá kúrò títí tí wàá fi rí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an." Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó fún un ni pé kó dá gbaka dúró. Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàsìt fi gbìyànjú rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ohùn kan jáde, ó dà bíi ti òròmọdìẹ tí ìyá rẹ̀ jókòó lé lórí: "Apranti, ó ń sọ̀." Gbaka dúró gbọn-in! Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó yíjú. Ẹnu ya Bàsìt débi pé ó gbàgbé láti sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ bá tún gbé e dé Anyama.

Báyìí ni wọ́n ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, tí Micheline fi fún un níṣẹ́ tó tóbi jù: kó lọ sí ìsọ̀ mẹ́ta lọ́jà, kó béèrè iye ọjà, kó ní, "Ẹ ṣé, mi ò rà," kó sì rọra máa lọ láìtọrọ àforíjì.

"Ago mélòó?" ni Bàsìt bi í.

"L'heure que tu veux. Ìgbà tó bá wù ọ́."

Ibẹ̀ gan-an lẹyin ti fọ́. Micheline, ọmọ ilé ìtajà alámì, kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Bàsìt, tó ti ń sùn lọ́jà láti ẹ̀yìn ìyá rẹ̀, ó mọ̀ pé ọjà àkọ́tà kì í ṣe eré. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ná ọjà òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ rà, ìbáà ṣe okùn abẹ́rẹ́, kí ọlọ́jà lè fi owó rẹ̀ gbá ọjà lórí, kó ní, "Ó ti là!" Bí ó bá ná an tó lọ lọ́wọ́ òfo, ìsọ̀ yẹn ti kú di alẹ́. Bàsìt mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti jẹ ọpọlọ rẹ̀ ku èèpo. Àkókò tí ojú kò ní pọ̀ ló ń wá. Ó mú ago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀.

Ìsọ̀ àkọ́kọ́ tó yà, ìyá kan tó ń ta báfù ló wà níbẹ̀, tó ṣì ń rin pákò. "Ẹ káàárọ̀ ìyá. Èló ni báfù yìí?"

"Deux mille, ọkọ mi. Wá là á fún mi."

"Ẹ ṣé, mi ò rà."

Pákò dúró lẹ́nu ìyá bí òpó iná. Bàsìt rọra rìn lọ. Ariwo ò sọ! Èèyàn ò kó jọ! Inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n tú okùn lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó yà sí ìsọ̀ onífìlà: "Èló? Ẹ ṣé, mi ò rà." Ó yà sí ti onídàbínù: "Èló? Ẹ ṣé, mi ò rà." Mẹ́ta pé. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n ń dá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dúró ni? Ó yà sí onígbálẹ̀, ó yà sí onífìtílà, ó yà sí ọlọ́ṣẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀ mọ́. Kí ago méje tó lù, ó ti béèrè iye ọjà ní ìsọ̀ mẹ́tàlélógún, ó sì ti pa àkọ́tà odidi ìlà kan láti orí dé ìdí. Níbi tí ayọ̀ ti ń pa á bí ẹmu ló ti wọ ìsọ̀ kẹrìnlélógún láìgbójú sókè.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èló ni kúbùsù yìí?"

"Huit mille."

"Ẹ ṣé, mi ò—" Ó gbójú sókè. Alhaji Àrìmíyàù ni.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó mí, ariwo sọ lẹ́yìn bí ìgbà tí òrùlé já lu ìkòkò. "Òun nìyẹn! Ẹ mú un!" Ọlọ́jà mẹ́tàlélógún ló ń bọ̀, tàwọn ti ìgbálẹ̀, ìyá oníbáfù sì ń ṣíwájú bí ọ̀gágun. Wọ́n fà á lápá ọ̀tún. Wọ́n fà á lápá òsì. Èrò kó jọ, ó di ọgọ́rùn-ún, ó di irinwó. Àwọn tó ń kọjá nínú gbaka sọ̀ kalẹ̀ wá wòran, awakọ̀ náà sì sọ̀ kalẹ̀ tẹ̀ lé wọn.

"Ta ló rán ọ wá?" ni ìyá oníbáfù ń ké. "Àwọn ará Treichville ni! Wọ́n fẹ́ pa ọjà wa!"

"Ẹ wo bó ṣe ń rọra rìn! Olè kì í rìn báyẹn, àjẹ́ ló ń rìn báyẹn!"

"Ọmọ ọlọ́jà! Ọmọ bàtà rọ́bà! Ojú ò tì ọ́?"

Alhaji gbé ọwọ́ sókè, gbogbo ẹnu sì pa dé. "Bàsìt. O mọ òfin àkọ́tà. Ìyá rẹ fi kọ́ ọ kí o tó mọ̀ ọ́n rìn. Mo fún ọ lógójì ọjọ́, ó ku méjìlá. Mo ti gba méjìlá náà padà. Bí o bá lè sọ ohun tó gbé ọ dé ibí, sọ ọ́ nísinsìnyí. Bí o bá dákẹ́ bí ọjọ́ yẹn, Hàbíbà ń bọ́ sí ọkọ̀ lónìí."

Òógùn dé.  Ahọ́n Bàsìt wú, ó dà bí irọ̀rí. Ó ń wo òógùn náà bó ti ń kán, kíkán kan, kíkán méjì, ó sì mọ̀ pé bóun bá wo ìkẹta, òun ti tán. Ó fipá gbé ojú kúrò lára ara rẹ̀, ó gbé e lé ìta. Ó rí pákò tó ṣì wà lẹ́nu ìyá oníbáfù. Ó rí i pé bàtà ẹsẹ̀ kan ni Alhaji wọ̀, ìkánjú ò jẹ́ kó wọ èkejì. Ó rí ojú irinwó èèyàn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ń wo òógùn. Wọ́n kàn fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ni, bí ẹni tó ń dúró de òpin àlọ́.

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí," ni Bàsìt wí.

Ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹ̀fọn. "Kí ló wí?" ni àwọn tó wà lẹ́yìn ń béèrè.

"Ẹ̀rù yín ló ń bà mí!" Ó ti dà bíi ti ewúrẹ́. "Gbogbo yín! Láti kékeré! Mi ò lè dá gbaka dúró! Mo ti dé Anyama lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún!" Ìgbà yìí ló wá bú jáde bíi fèrè ọkọ̀ akẹ́rù. Ó sọ ti mọ́ṣáláṣí, ó sọ ti Tonton Pascal tó sunkún, ó sọ ti àwọn mẹ́jọ tó wo àtàǹpàkò, ó sọ ti dókítà Biétry tó ní kó wá béèrè iye ọjà kó má rà. "Kò mọ àkọ́tà! Èmi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n torí kí ẹ má baà pọ̀ ni mo ṣe jí wá. Ẹ wò ó, ẹ wá pọ̀!"

Ẹ̀rín sọ. Ẹ̀rín yẹn gbọn ìlà náà débi pé páànù mẹ́ta ṣí. Ìyá oníbáfù jókòó sínú báfù tirẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá itan. "Ẹ̀rù èmi? Èmi tí ọkọ mi ò bẹ̀rù!" Alágbàrù kan tí àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn ìsọ̀ na ọwọ́ sókè. "Vieux père, fún mi ní ilé dókítà yẹn. Ọdún kẹfà rèé tí mi ò tíì lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé wa."

"Àkọ́tà wa ńkọ́?" ni onífìlà béèrè.

"Mo ń bọ̀ wá là á!" ni Bàsìt ké, ó sì padà sẹ́yìn, ìsọ̀ sí ìsọ̀, ó ń ra nǹkan kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn, ó ń bá wọn ṣàwàdà tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó fi dé iwájú Alhaji padà, báfù wà lórí rẹ̀, fìlà mẹ́ta wà lábẹ́ báfù, ìgbálẹ̀ wà lábíyá, fìtílà wà lọ́rùn. Kúbùsù ló kù, ó rà á, ó fi bora nínú ooru.

Alhaji wò ó láti báfù dé bàtà. Imú rẹ̀ ń gbọ̀n, bíi ti ẹni tó ń há ẹ̀rín mọ́nú. "Ẹnu yìí ti ṣí. Ẹ má jẹ́ kó pa dé. Níbo ni Lèmọ́mù wà?"

"Mo wà níbí," ni onídàbínù wí, nítorí òun gan-an ni Lèmọ́mù. "Sàdáàkì ṣì wà lọ́wọ́ mi látọjọ́ yẹn. Ẹ pe ọmọ."

Hàbíbà sáré dé ti òun ti irun tí wọ́n dì dé àárín, ó fi aṣọ bò ó. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lábẹ́ báfù, ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Lèmọ́mù ní, "Bàsìt, ṣé o gbà—"

"Mo gbà!"

"Mi ò tíì parí ìbéèrè."

"Ẹ parí ẹ̀, mo tún gbà!" Wọ́n ní igbe yẹn ló mú kí àwọn ẹyẹlé àdúgbò Plateau fò sókè, àwọn ọkọ̀ ojú omi sì yí padà lórí ọ̀sà.

Lèmọ́mù kọjú sí Hàbíbà, ó dúró díẹ̀, ó mi orí. "Kò burú. Bí wúńdíá bá dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni."

"Ta ló dákẹ́?" Hàbíbà bú jáde. "Èmi? Ta ló sọ pé mo dákẹ́? Mo gbà, mo gbà ní ọjọ́ yẹn, mo gbà lónìí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀! Bàsìt, bọ́ kúbùsù yẹn kúrò lọ́rùn kí o tó kú mọ́ mi lọ́wọ́!"

Àdìzátù ń jó láàárín ìsọ̀ méjì. Àwọn ọlọ́jà ń pín dàbínù. Fóònù Bàsìt dún, Micheline ni: ago mẹ́sàn-án ti kọjá, kò rí i ní Biétry.

"Madame!" Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, fìtílà tó wà lọ́rùn rẹ̀ náà ń gbọ̀n. "Gbogbo ohun tí mo ní yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ o! Wọ́n pariwo! Wọ́n kó jọ! Wọ́n fà mí lápá, wọ́n tún fa èkejì!"

"Mon Dieu! Pardon, Bàsìt, pardon! Et alors? Kí lo wá ṣe?"

"Mo gbéyàwó."

 Micheline ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. "Mardi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní, "o ṣì ń bọ̀ o. A ò tíì parí."

"Mò ń bọ̀," ni Bàsìt wí. "Ṣùgbọ́n ẹ wá àga kan sí i. Hàbíbà ní òun náà lọ́rọ̀ í sọ."